Ohùn Ni Ó Yà Wọ́n: Ìtàn Chiffchaff àti Willow Warbler

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí èlírí. Òwe yìí kọ́ni pé ìjọra ni ìbẹ̀rẹ̀ ìfiwéra, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ìfiwéra yóò parí sí. Ẹni tí ó bá rí ohun méjì tí ó jọra lè wí pé ọ̀kan náà ni wọ́n, kí ó sì máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn a dúró, a wò wọ́n ní àwòtúnwò, a tẹ́tí sí wọn, títí yóò fi mọ ohun tí ó pín wọn níyà. Ìtàn irú ẹni kejì yìí ni ó wà níhìn-ín, àti ìtàn ẹyẹ kékeré méjì ti ilẹ̀ Yúróòpù tí ojú ènìyàn kà sí ọ̀kan ṣoṣo fún ọjọ́ pípẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀kan ní Chiffchaff, wọ́n ń pe èkejì ní Willow Warbler. Ẹyẹ kejì yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, nítorí pé ọdọọdún ni ó ń sá fún òtútù wá sí oko àti igbó Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó ń kọjá lábẹ́ igi tí ó bà sí kì í sábà fiyè sí i.

Ìjọra àwọn ẹyẹ méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 11, ìwọ̀n wọn kò sì sábà ju gíráàmù 10 lọ, èyí tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ewé igi kì í fi í tẹ̀ púpọ̀ lábẹ́ wọn. Ẹ̀yìn wọn ní àwọ̀ ewé tí ó pò mọ́ àwọ̀ ilẹ̀. Àyà wọn funfun, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin adìyẹ. Ìlà tín-ín-rín kan tí ó mọ́ gba òkè ojú àwọn méjèèjì kọjá. Kòkòrò wẹ́wẹ́ ni oúnjẹ wọn, láàrin ewé ni wọ́n sì ti ń ṣa á. Ìtẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní òrùlé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ a sì wà ní ẹ̀gbẹ́, àfi pé orí ilẹ̀ gan-an ni Willow Warbler ń kọ́ tirẹ̀ sí, nígbà tí Chiffchaff ń gbé tirẹ̀ ga díẹ̀ sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Bí wọ́n bá dákẹ́, tí wọ́n sì wà lókè igi, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wo ẹyẹ pàápàá lè ṣì wọ́n mọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun ìyanu pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà àtijọ́ kò yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ní ọdún 1758 ni Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá, nínú èyí tí ó fún àwọn ẹranko ayé ní orúkọ ní èdè Látìnì. Ó fún ẹyẹ kan nínú irú èyí ní orúkọ tirẹ̀, Motacilla trochilus, òun náà ni à ń pè ní Willow Warbler lónìí. Chiffchaff kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé náà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé òkú ẹyẹ ni wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, wọn a wọn apá rẹ̀, wọn a ka ìyẹ́ rẹ̀, wọn a wo ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára ni, ó sì ṣe ayé ní àǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ya àwọn ẹyẹ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ jùlọ sì ni ohun tí ẹyẹ ń bá kú lọ.

Ẹni tí ó rí ọ̀nà mìíràn ni Gilbert White. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1720 ni a bí i ní abúlé Selborne, ní àgbègbè Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí bàbá rẹ̀ àgbà ti jẹ́ àlùfáà ìjọ. White lọ sí Yunifásítì Oxford, ó di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Oriel College, a sì fi í jẹ àlùfáà. Ṣùgbọ́n kò lépa oyè gíga nínú ìjọ. Ó padà sí abúlé rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà níbẹ̀ àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, kò sì gbéyàwó títí ó fi kú. Ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀ ni ọgbà, òjò, ẹ̀fúùfù, kòkòrò àti ẹyẹ ìlú rẹ̀. Láti ọdún 1751 ni ó ti ń kọ iṣẹ́ ọgbà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1768, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé àkọsílẹ̀ kan tí Daines Barrington, adájọ́ kan tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ ẹ̀dá, ṣe ètò rẹ̀. Inú ìwé yìí ni White ti ń kọ ojú ọjọ́ sí, àti ọjọ́ tí igi hu ewé, àti ọjọ́ tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dún.

White a máa kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn ni Thomas Pennant, ọmọ Wélsì, tí ó kọ ìwé lórí àwọn ẹranko ilẹ̀ Bìrìtìkó. Nínú ìwé tí White kọ sí Pennant ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1768, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ méjì tí gbogbo ayé ń pè ní orúkọ kan. Ó ní kò sí ẹyẹ méjì tí ohùn wọn yàtọ̀ síra tó tiwọn, àti pé ìyàtọ̀ náà kì í yẹ̀ láéláé. Ohùn ọ̀kan dà bí ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ohùn èkejì le, ó sì ń ta létí. Ó wọ̀n wọ́n, ó rí i pé olórin tẹ ìwọ̀n dram méjì àti ààbọ̀, nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ju dram méjì lọ. Ó wo ẹsẹ̀ wọn: ti èyí tí ó tóbi pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ti èyí tí ó kéré dúdú. Ó tún fi kún un, láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, pé ẹyẹ kékeré náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àkọ́dé nínú gbogbo ẹyẹ àlejò ìgbà ẹ̀rùn wọn, nítorí pé láàrin oṣù Kẹta ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìró rẹ̀ méjì, tí kì í sì í dá a dúró títí di ìparí oṣù Kẹjọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1768, ó tún kọ̀wé sí Pennant. Ní àkókò yìí, ó ní ọ̀ràn náà ti kọjá iyèméjì: kì í ṣe méjì pàápàá, bí kò ṣe mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni à ń pè ní Wood Warbler lónìí, ẹyẹ tí ó pọ́n ju àwọn yòókù lọ, tí ó ń gbé orí igi gíga, tí ohùn rẹ̀ sì dà bí ti kòkòrò inú koríko. White tẹ́ òkú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú bí ó ti ń kọ̀wé, ó sì rí i pé wọ́n ga jura lọ ní ipele mẹ́ta. Ó yẹ kí a kíyè sí bí ó ti tò ó. Etí ni ó kọ́kọ́ sọ fún un pé ìyàtọ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi ojú àti òṣùwọ̀n ṣe ẹ̀rí ohun tí etí ti gbọ́. Kò fi etí sílẹ̀ nítorí ojú, kò sì fi ojú sílẹ̀ nítorí etí.

Orin àwọn ẹyẹ méjèèjì kò ṣòro láti sàpèjúwe. Ti Chiffchaff kò ju ìró méjì lọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn láìdúró bí ẹni tí ń ka owó ẹyọ sórí ẹní: ṣíf-ṣáf, ṣíf-ṣáf. Ti Willow Warbler a máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, a gbéra sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà a máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tí ń ti orí àkàsọ̀ bọ̀, títí yóò fi rọ̀ wọ̀ọ̀ tí yóò sì dákẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kì í tún ṣì wọ́n mú mọ́.

Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó gbà pé ohùn lè ya ohun tí ojú kò lè yà. Bí ènìyàn bá kọ lẹ́tà mẹ́rin náà, i, g, b àti a, sílẹ̀ láìfi àmì sí wọn, ẹni tí ń kà á kò lè mọ̀ bóyá igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí ìgbà tí í ṣe àkókò, tàbí igba tí í ṣe iye, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ara ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ohùn ni ó sọ ọ́ di mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlù dùndún, tí kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan, tí ó sì ń fi ohùn nìkan ki oríkì ìdílé tí olóye yóò fi dá ara rẹ̀ mọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí èyí ni a ṣe ń pa á lówe pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ohun tí White ṣe ní Selborne kò jìnnà sí ti ọ̀mọ̀ràn tí ó ń gbọ́ ìlù: ó mọ̀ pé ìyàtọ̀ ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, pé ìtumọ̀ wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ kò tètè di ti gbogbo ayé. Ọdún 1817 ni Louis Vieillot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fún Chiffchaff ní orúkọ Látìnì tí ó dá dúró, èyí sì jẹ́ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ́yìn tí White ti kọ̀wé sí Pennant. Orúkọ tí ó fún un ni collybita. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ni a ti fà á yọ, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ń ṣẹ́ owó, nítorí pé ohùn ẹyẹ náà dà bí ìgbà tí owó wẹ́wẹ́ ń kan ara wọn lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹyẹ náà, ohùn ẹyẹ náà ni. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Zilpzalp, ohùn náà ni. Àwọn ará oko tí kò mọ ìwé ti fetí sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ́ kí wọ́n tó fi orúkọ náà sínú ìwé. Àṣà yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí orúkọ kowéè ti ń rán olúkúlùkù létí igbe rẹ̀ ní òru.

Ọ̀ràn tí ó bani nínú jẹ́ wà nínú ìtàn White. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ó fi etí yanjú ọ̀ràn àwọn ẹyẹ yìí, etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ní ọdún 1774, ó kọ̀wé sí Barrington pé ìdití ń bá òun jà lemọ́lemọ́, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òun di aláìyẹ fún iṣẹ́ ẹni tí ń kíyè sí ẹ̀dá. Ó ní nígbà tí ó bá dé, oṣù Karùn-ún, tí gbogbo ẹyẹ ń kọrin, kò yàtọ̀ fún òun sí oṣù Kẹjọ tí gbogbo wọn ti dákẹ́. Kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó ṣa àwọn ìwé tí ó ti kọ sí Pennant àti Barrington jọ, ó tún wọn ṣe, ìwé tí ó sọ orúkọ Selborne di mímọ̀ ká gbogbo ayé sì jáde pẹ̀lú ọdún 1789 lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1793 ni ó kú ní abúlé tí a ti bí i. Títí di òní ni a ṣì ń tẹ ìwé náà.

Ìbéèrè kan wà tí White gbé wọ inú ibojì: níbo ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ń lọ nígbà òtútù? Ní ayé rẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí èyí. Àwọn kan ní ẹyẹ ń rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ tí ó móoru. Àwọn mìíràn ní inú ihò, inú pàlàpálá àpáta, tàbí ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń sùn sí títí òtútù yóò fi kọjá. Barrington kò gba ìrìn-àjò náà gbọ́. White fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń lọ, nítorí pé John, àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ àlùfáà àwọn ọmọ ogun ní Gibraltar, ń kọ̀wé sí i nípa àwọn ẹyẹ tí ó ń rí tí wọ́n ń rékọjá òkun tóóró tí ó wà láàrin Yúróòpù àti Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nípa alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí dé òpin. Ó ń fura pé àwọn díẹ̀ nínú wọn ń fara pamọ́ sí tòsí.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ikú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì dé. Àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn tí ń kó ẹyẹ jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ẹyẹ Yúróòpù ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ó di ọdún 1909, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí lára sí ẹsẹ̀ ẹyẹ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, kí a lè dá a mọ̀ níbikíbi tí a bá ti rí i. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé àwọn ẹyẹ méjèèjì tí ohùn yà sọ́tọ̀ kì í rin ọ̀nà kan náà. Chiffchaff kì í sábà lọ jìnnà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró sí ẹ̀bá Òkun Mẹditaréníà, sí àríwá Áfíríkà, àti sí etí aṣálẹ̀ Sàhárà níhà gúúsù, àwọn díẹ̀ tilẹ̀ wà tí kì í kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Willow Warbler kò mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ń la aṣálẹ̀ kọjá wá sí ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù rẹ̀, àwọn tí a bí ní ìlà-oòrùn Sìbéríà pàápàá sì ń fò ju kìlómítà 10,000 lọ kí wọ́n tó dé ibi tí wọn yóò ti sinmi.

Ìmọ̀ yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí White ti rí láìmọ ìdí rẹ̀. Ìdí tí Chiffchaff fi ń dé Selborne ní oṣù Kẹta, ṣáájú èkejì rẹ̀, ni pé kò jìnnà sílé. Ara wọn pàápàá ń ròyìn ìrìn-àjò wọn, nítorí pé apá Willow Warbler gùn ju ti Chiffchaff lọ, ìyẹ́ ìpẹ̀kun apá rẹ̀ sì nà kọjá àwọn yòókù bí ó ti yẹ fún ẹni tí ń lọ sí ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn. Ìyàtọ̀ tí etí kọ́kọ́ gbọ́ wá di ìyàtọ̀ ọ̀nà, ti àkókò, àti ti ìgbé ayé.

Níbí ni ìtàn náà ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, J. H. Elgood, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ẹranko, fi ọ̀pọ̀ ọdún kíyè sí àwọn ẹyẹ orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1966, òun pẹ̀lú R. E. Sharland àti Peter Ward tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Ibis lórí àwọn ẹyẹ tí ń ti Yúróòpù àti Éṣíà wá lo ìgbà òtútù ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di ọdún 1982, ìwé Elgood tí ó to gbogbo ẹyẹ Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ jáde. Willow Warbler wà lára àwọn àlejò wọ̀nyí. Ó ń dé nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ó ń ṣa kòkòrò lórí igi ní ọ̀dàn àti ní etí igbó, ó sì ń padà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Bí lékèélékèé ti ń bá ẹ̀ẹ̀rùn wọlé tí gbogbo ọmọdé fi ń kí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ kékeré yìí ń wọlé láìsí ẹni tí ó kí i. Kì í ṣe pé ó ń dákẹ́ níbí o. Kí ó tó padà, a máa kọ orin rẹ̀ tí ń sọ̀ kalẹ̀ náà lórí igi Áfíríkà.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó so ó mọ́ ilẹ̀ yìí ju oúnjẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ní í máa pààrọ̀ gbogbo ìyẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Willow Warbler a máa pààrọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní Yúróòpù lẹ́yìn tí ó bá ti tọ́ ọmọ tán, lẹ́ẹ̀kan ní Áfíríkà kí ó tó padà. Nípa bẹ́ẹ̀, aṣọ tí ó wọ̀ nígbà tí ó ń kọrin ní oṣù Kẹrin ní igbó Selborne, ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti dá a fún un. Kòkòrò ilẹ̀ yìí ni ó di ìyẹ́ náà. Ẹyẹ tí White gbé sórí òṣùwọ̀n ní ọdún 1768 ti gbé ẹ̀rí ibi tí ó ti ń bọ̀ wọ̀ sára, kò kàn sí ẹni tí ó lè kà á ní ìgbà náà ni.

Àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa kò fi ọ̀nà White sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Spéìn àti Pọtogí, a ti ń rí Chiffchaff kan tí orin rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ lára rẹ̀. Ní ọdún 1996, Andreas Helbig àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi orin àwọn ẹyẹ wọ̀nyí wé ara wọn, wọ́n sì tún wo ohun àjogúnbá tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tí etí ti sọ ni ẹ̀jẹ̀ náà sọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ti Spéìn àti Pọtogí sí irú kan tí ó dá dúró. Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ etí di òrìṣà. Ẹyẹ ń kọ́ orin gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń kọ́ èdè, a sì ti gbọ́ Willow Warbler tí ó ń pa orin Chiffchaff pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀ láìwo ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ yóò ṣìnà. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n White fi ṣe pàtàkì tó etí rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ayé bí ẹyẹ méjì tí kò wúwo tó ẹyọ lẹ́tà kan bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Ìdáhùn wà nínú iye wọn. Láti ọdún 1994 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń rìn káàkiri ilẹ̀ Bìrìtìkó ní òwúrọ̀, lábẹ́ ètò British Trust for Ornithology, láti ka àwọn ẹyẹ tí ń pamọ. Etí ni wọ́n fi ń ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú ẹyẹ bí ìwọ̀nyí. Ohun tí wọ́n rí ni pé Chiffchaff ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n Willow Warbler ti dín kù gidigidi ní gúúsù àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní Skọ́tíláǹdì. Ká ní wọ́n ṣì ń ka méjèèjì sí ọ̀kan ni, èrè ọ̀kan ni ì bá bo òfò èkejì mọ́lẹ̀. Àpapọ̀ ì bá dára lójú, kò sì sí ẹni tí ì bá béèrè pé kí ni ó dé. Àìmọ ìyàtọ̀ ì bá ti di àìmọ òfò.

Òfò yìí kì í sì í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Èyí tí ń dín kù nínú àwọn méjèèjì ni èyí tí ń wá sí Áfíríkà, èyí tí igbó gígé, ọ̀dá àti oko dídá ní ilẹ̀ yìí lè bà jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ojú ọjọ́ àti igbó Yúróòpù ti lè ba á jẹ́. Ẹyẹ tí ń gbé ilé méjì, bí ọ̀kan bá wó, èkejì kò tó o gbé. Àwọn onímọ̀ ń wá ìdí ìdínkù náà ní ìhà méjèèjì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá wo ìdajì ìrìn-àjò kò tíì rí arìnrìn-àjò náà.

Gilbert White kò mọ Ìbàdàn, kò sì gbọ́ orúkọ Yorùbá rí ní gbogbo ohun tí ìwé rẹ̀ fi hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dúró nínú igbó Selborne, tí ó sì gbọ́ pé ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn kò jọ ìró owó tí a ń kà, ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí òpin rẹ̀ wà lórí igi oko ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Àwọn àgbà wa tí ó fi ohùn ya igbá kúrò lára ìgbà mọ̀ pé ìyàtọ̀ kékeré ni ìtumọ̀ ń gbé. Ó kù sí ọwọ́ àwọn ọmọ wọn láti gbé ojú sókè ní oṣù Kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kí wọ́n sì tẹ́tí sí àlejò kékeré tí ń kọrin ìdágbére, kí ó tó di pé ọdún kan dé tí kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ mọ́.